LÁPTỌ́Ọ̀PÙ WO NI KÁ RÀ FÚN ÀWỌN ÒBÍ WA NÍLÉ?

Ọ̀rọ̀ tí Alága ẹgbẹ́ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níbi ìpàdé ọdún wa ní Douala

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, àwọn kan rò pé owó oṣooṣù ẹgbẹ́ ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ní ọjọ́ tiwọn. Èyí tí mo mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó wa lọ́dọọdún, ó sì ń ba àwọn òbí wa lọ́kàn jẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù, tí à ń rà ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá wa nílé.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì ń gbìyànjú. Kí fóònù GSM tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, lẹ́tà là ń fi rán awakọ̀. Àwọn mìíràn a gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé kí ìyá wọn lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Lónìí, ìyá lè jókòó ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó máa wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹun ní Douala. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sí ẹni tí yóò ní kí a má ra ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí ojú kan ojú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, tí a gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ sílé, a ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù ní Akwa, a ó nawọ́ sí èyí tó ń dán jù, a ó sanwó, a ó dì í sínú báàgì, ó di ilé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ béèrè lọ́wọ́ àbúrò yín tó wà nílé. Yóò sọ fún yín pé láptọ́ọ̀pù náà wà nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ òkè.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn òbí wa kì í sọ fún wa. Wọ́n mọ̀ pé a ṣiṣẹ́ kí a tó rí owó náà. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọmọ mi, Ọlọ́run yóò tún ọ̀nà rẹ ṣe." Nínú ọkàn wọn, ara wọn ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Bàbá tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé yóò máa rò pé orí òun kò gba nǹkan mọ́. Orí bàbá kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí a rà fún un ni kò bá a mu.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo wá sọ, gbogbo ìyókù ẹ̀ka rẹ̀ ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ojú ẹni tí yóò lò ó, ọwọ́ rẹ̀, àti ilé tó ń gbé, ni kí a fi yan láptọ́ọ̀pù. Kí a má fi ojú tiwa yàn án, kí a má sì fi ẹnu ẹni tó ń tà á yàn án.

Ṣé wọ́n nílò rẹ̀?

Oníṣòwò ni mí. Kí n tó kó ọjà, mo máa ń béèrè ẹni tí yóò rà á. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ pe bàbá, ẹ pe ìyá, kí ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?" Bó bá jẹ́ kí wọ́n máa rí ojú ọmọ-ọmọ nìkan ni, fóònù tó lójú fífẹ̀ ti tó, owó tó kù kí ẹ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Àmọ́ àwọn òbí kan wà tí láptọ́ọ̀pù yẹ. Bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó yẹ ẹ́. Ìyá tó ṣì ń ta ọjà, tó fẹ́ máa ṣe ìṣirò owó rẹ̀, ó yẹ ẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú fóònù mọ́, tó fẹ́ máa ka Bíbélì, Kùránì tàbí ìwé ìròyìn ní lẹ́tà gàgàrà, ó yẹ ẹ́. Àwọn tó fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Àjọ PTAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2013 láti máa bójú tó owó wọn, ti ṣe ọ̀nà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni náà fi lè jókòó sílé kí ó fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. Ẹ rántí bí àwọn àgbàlagbà ṣe máa ń tò sínú oòrùn nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè gba bàbá lọ́wọ́ ìrìn àjò bẹ́ẹ̀.

Bí ojú ìyá bá ń ṣú, tàbí tó ń rí òjìji funfun, ẹ kọ́kọ́ sanwó dókítà ojú. Kò sí láptọ́ọ̀pù tó lè ṣe iṣẹ́ awò ojú.

Kíbọ́ọ̀dù ìlú yìí kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù ilé wa

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí ọ̀rọ̀ àwa tí a wà ní Douala ni. Ìlú tó ń sọ Faransé là ń gbé. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà níbí, láti Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń kó wọn wá, kíbọ́ọ̀dù Faransé ló sì wà lára wọn. Bí ẹ bá wo ìlà àkọ́kọ́ àwọn lẹ́tà láti ọwọ́ òsì, A, Z, E, R, T, Y lẹ ó rí. Ti ilé wa ní Nàìjíríà, Q, W, E, R, T, Y ni. A àti Q ti pààrọ̀ ipò, Z àti W náà bẹ́ẹ̀. M ti kúrò níbi tí a mọ̀ ọ́n sí, ó ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ L. Kí ẹ tó lè tẹ nọ́ńbà, àfi kí ẹ kọ́kọ́ di bọ́tìnnì mìíràn mú.

Ọmọdé lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bàbá tó kọ́ taipuráítà ní ọdún 1970 sí 1980, ìka rẹ̀ ló mọ ibi tí lẹ́tà wà, kì í wò ó. Yóò fẹ́ kọ "Àlàáfíà", Q ni yóò máa jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, yóò pa ẹ̀rọ dé. Èyí nìkan ló ti sọ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ti Douala lọ di ohun ọ̀ṣọ́.

Oníṣọ́ọ̀bù yóò ní, "Ẹ má yọnu, a lè yí i padà nínú ẹ̀rọ." Òótọ́ ni, ó ṣeé yí padà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sójú bọ́tìnnì kò yí padà. Ojú yóò rí A, ẹ̀rọ yóò kọ Q. Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó ti Jámánì wá náà ní tirẹ̀, Y àti Z ló pààrọ̀ ipò níbẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn òbí yín bá wà ní Nàìjíríà, ẹ wá èyí tó ní QWERTY, tó wá láti Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga díẹ̀. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín wà ní Kútọnu, Pọ̀tọ̀nóvò tàbí Kétu, tí wọ́n kàwé ní Faransé, ti ibí yìí ló bá tiyín mu. Ẹ rí i pé ilé là ń wò.

Ẹ tún wo ẹnu ṣájà. Ti ibí, irin roboto méjì ni. Ti Nàìjíríà, irin pẹlẹbẹ mẹ́ta ni. Ẹ ra wáyà onírin mẹ́ta tó dára mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi ìgbálẹ̀ ṣílẹ̀ ihò iná kí wọ́n tó lè ki ẹnu roboto bọ̀ ọ́. Iná ń pa ènìyàn. Ní ti agbára iná, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà. Bí ẹ bá rí 100-240V, ó lè ṣiṣẹ́ níbí, ó lè ṣiṣẹ́ nílé.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀?

Ọ̀pọ̀ yín gbà pé ẹ̀bùn òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun nínú páálí. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tuntun olówó pọ́ọ́kú, ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ ó rí èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, tí àyè ìkẹ́rù inú rẹ̀ kò ju 64GB lọ. Windows fúnra rẹ̀ yóò jẹ púpọ̀ nínú àyè yẹn. Láìpẹ́ ẹ̀rọ náà yóò máa sọ pé inú òun ti kún, yóò sì máa rìn bí ìgbín. Arúgbó yóò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, kò ní rí nǹkan, yóò tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbogbo rẹ̀ yóò dojú rú.

Ní tèmi, tòkunbọ̀ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá sàn jù ú lọ. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn báńkì àti ọ́fíìsì máa ń lo láptọ́ọ̀pù fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á sì kó wọn tà. Àwọn wọ̀nyẹn ni Lenovo ThinkPad, Dell Latitude àti HP EliteBook. Wọ́n ṣe wọ́n fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ara wọn le, ìdè ojú wọn kì í tètè já, kíbọ́ọ̀dù wọn rọ̀ fún ìka. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀yà ara wọn wà káàkiri. Bí bátìrì ẹ̀rọ bàbá bá kú ní Ọ̀fà, wọ́n lè rí òmíràn ní Òtígbà ní Ìkẹjà, ní ọjà kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì, tí kò sí ẹni tó ní ẹ̀yà ara rẹ̀, bó bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn.

Èwo nínú tòkunbọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣe kókó jù lọ lásìkò yìí, torí pé àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ti kún ọjà. Kí ló fà á? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ dúró lórí Windows 10. Àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan, kò sí ẹni tí wọ́n tún ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà kò ní kú, ṣùgbọ́n ó dà bí ilé tí wọn kò tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe mọ́. Bí olè bá rí ihò tuntun, kò sí ẹni tí yóò dí i. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè mọ èyí, wọ́n sì kó èyí tí kò lè gba Windows 11 jù síta. Ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn ń bọ̀.

Báwo la ó ṣe mọ̀ wọ́n? Ẹ béèrè ọpọlọ ẹ̀rọ náà, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní processor. Bó bá jẹ́ ti Intel, nọ́ńbà rẹ̀ yóò wà bí i5-6300U tàbí i5-8250U. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì kékeré yẹn ni kí ẹ wò. 6 túmọ̀ sí ìran kẹfà, 8 túmọ̀ sí ìran kẹjọ. Láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ti ìṣáájú. Bí ẹ bá rí 10, 11 tàbí 12 níbẹ̀rẹ̀, bíi i5-10210U tàbí i5-1135G7, tuntun nìyẹn jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ wọn kí ó lè yé àwọn ìyá wa. HP EliteBook 840 G3 jẹ́ ìran kẹfà, 840 G5 sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ. Dell Latitude E7470 jẹ́ ìran kẹfà, 7490 sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ. ThinkPad T460 jẹ́ ìran kẹfà, T480 sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ. Bí ẹ bá tò wọ́n sórí tábìlì, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó ń tà á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n ki Windows 11 bọ inú èyí tó ti dàgbà jù. Yóò ṣiṣẹ́ lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé irú rẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe gbà. Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà ọpọlọ ẹ̀rọ, ẹ má wo àwòrán tó wà lójú rẹ̀. Bí owó bá sì dín gidigidi, Linux Mint wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń sọ ẹ̀rọ àtijọ́ jí. Àmọ́ ẹ má fi ránṣẹ́ síbi tí kò ti sí ọmọ kan nítòsí tó mọ̀ ọ́n lò.

Kí ẹ tó sanwó

Bí ẹni ń ra ewúrẹ́, a máa ń yà á lẹ́nu wo eyín. Ẹ yẹ láptọ́ọ̀pù náà wò báyìí:

Kìíní, RAM 8GB, àti ìkẹ́rù SSD tó tó 256GB. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, kì í tètè bàjẹ́ bí wọ́n bá gbé e kọlẹ̀, ó sì ń yára ju hard disk àtijọ́ lọ fíìfíì.

Èkejì, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù kí Windows tó dé, tàbí tó gbé orúkọ ilé iṣẹ́ kan jáde pé àwọn ló ni ín, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ohun tí a kò mọ orísun rẹ̀ kò yẹ kó wọ ilé òbí wa.

Ẹ̀kẹta, bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ibi dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, kí wọ́n tẹ powercfg /batteryreport. Ẹ̀rọ náà yóò kọ ìwé jáde. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wò níbẹ̀, iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, àti iye tó ń gbà báyìí. Bí ti tuntun bá jẹ́ 50,000, tí ti ìsinsìnyí jẹ́ 40,000, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló kù, ó dára. Bó bá jẹ́ 20,000, ẹ fi owó bátìrì tuntun kún ìdúnàádúrà yín. Nílé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì ni ẹ̀mí ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín. Ẹ ṣí ojú rẹ̀ kí ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà sí, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ojú, etí àti ọwọ́ àgbà

Ojú ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó ínǹṣì 14 tàbí 15.6 ló dára. Èyí tó kéré sí i wúlò fún ọmọ tó ń gbé e lọ sí yunifásítì, kò wúlò fún ìyá àgbà. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wọ inú ètò Windows, kí ẹ sọ ohun gbogbo di 125 tàbí 150 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́tà yóò tóbi, àmì yóò sì tóbi. Ẹ ra máòsì oníwáyà mọ́ ọn, nítorí ìka tó ń gbọ̀n kò lè fọwọ́ fa ojú pẹlẹbẹ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù yẹn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Ẹ kó gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò lójú rẹ̀. Kí ó ku nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún péré: èyí tí wọ́n fi ń pe ọmọ, èyí tí wọ́n fi ń kọ̀wé, èyí tí wọ́n fi ń wá ìròyìn, àti àwòrán ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ẹ tàn án fún un. Inú bàbá olùkọ́ yóò dùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Iná àti dátà

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n so láptọ́ọ̀pù mọ́ jẹnẹrétọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan án. Kí ó dúró díẹ̀ kí iná rẹ̀ balẹ̀. Bí òjò bá ń sán ààrá, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ irú èyí tó ń gba iná láti ẹnu USB-C, bíi T480, wíwá ṣájà mìíràn fún un rọrùn, torí ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ní ti dátà, Windows lè gbé àtúnṣe ńlá wọlé lóru kan kó jẹ gbogbo dátà oṣù kan. Nínú ètò rẹ̀, àyè wà tí ẹ lè tẹ̀ láti sọ fún un pé dátà ìwọ̀n là ń lò, metered connection ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà náà yóò máa rọra ṣe. Kí ọmọ kan máa gbé e lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti gba àtúnṣe.

Ẹ má sì gbé gbogbo ìwé òbí yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní Nàìjíríà, ní Gánà, ní Côte d'Ivoire, títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹ rántí ọdún 2017 tí àwọn ará Bamenda àti Buea wà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́ta. Ìdí nìyí tí n kò fi gba arúgbó níyànjú láti ra Chromebook, bí ó tilẹ̀ dín owó. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ gbójú lé íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ìwé wà nínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú flash.

Olùkọ́ àti olè

Ẹ̀rọ láìsí olùkọ́, òkú ẹrù ni. Ẹ wá ọmọ àdúgbò kan, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tó ní sùúrù, kí ẹ máa fún un ní nǹkan díẹ̀ lóṣooṣù kó máa lọ kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohun kan péré lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sórí páálí ní Yorùbá, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kó má já máòsì gbà lọ́wọ́ àgbà. Ọwọ́ tó ṣe é ló ń rántí rẹ̀.

Ẹ sì kọ́ wọn ní ti olè. Ẹni tó bá pè pé òun wà ní báńkì, pé kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù, olè ni. Báńkì kì í béèrè PIN lórí fóònù. Ẹni tó ní ẹ̀rọ yín ti ní àrùn, kí ẹ jẹ́ kí òun wọlé láti òkèèrè tún un ṣe, olè ni. Àwa ọmọ náà lè fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti Douala, nítorí náà kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan sáàárín yín. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n pa fóònù.

Gbígbé e délé

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, báàgì ọwọ́ ni kí ó wà, pàápàá bátìrì tí ẹ bá rà sọ́tọ̀. Òfin ọkọ̀ òfuurufú kò gbà á nínú ẹrù abẹ́. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi sí Calabar tàbí ọ̀nà Mamfe àti Ekok sí Ikom, ẹ fi ọ̀rá wé e dáadáa, kí ẹ fi sáàárín aṣọ, kí ó jìnnà sí epo pupa àti ẹja gbígbẹ. Kí rìsíìtì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ẹnì kan bá lọ ra ẹyọ kan, ẹnu oníṣọ́ọ̀bù ni yóò tẹ̀ lé. Bí a bá jẹ́ mẹ́wàá tí a fẹ́ rà lọ́dún, ẹ jẹ́ ká lọ pọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà wà nínú ìpàdé yìí. Kí ìgbìmọ̀ yan méjì nínú wọn láti máa bá ọmọ ẹgbẹ́ lọ yẹ ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó sanwó, kí ẹni tó fẹ́ rà á fún wọn ní owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Mo fi àbá yìí síwájú ilé, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbà á wọlé kí oṣù Kejìlá tó dé.

Ẹ̀yin ará mi, òbí kì í wà títí. Iye ọdún tó kù tí wọn yóò fi wo ojú wa nínú ẹ̀rọ, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí á fi ẹ̀rọ tí kò yẹ jẹ nínú ọdún wọ̀nyẹn. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ pe ilé. Ẹ má béèrè bóyá láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tàn án, kí wọ́n fi pè yín. Ìgbà náà lẹ ó mọ òótọ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí àwọn òbí wa sí, àwa náà yóò sì rí ọmọ tọ́jú wa lọ́jọ́ alẹ́.